Ọjọ́ tí Omi Ọkà Pa Mí bí Ọtí

Ẹ̀yin ará ilé, kí ẹlòmíràn tó bá mi sọ ọ́, ẹ jẹ́ kí n fi ẹnu ara mi sọ ọ́: mo yó ní Ìbà l'Ékòó. Mo yó bìnàkò. Mo di ògiri mú, mo sì ń bẹ ògiri náà pé kó má fi mí sílẹ̀. Èmi Sámú aránṣọ, tí mo ń rán aṣọ funfun fún gbogbo ìjọ wa, tí wọ́n ń pè ní alàgbà! Èyí tó tún wá burú níbẹ̀ ni pé ohun tí mo mu kì í ṣe ọtí. Omi ọkà ni, èyí tí ọmọ ọdún mẹ́ta lè mu tán kó sì lọ sùn. Ẹ̀rù ló pa mí, ọtí ni mo ń dá lẹ́bi.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ilé.

Ẹ mọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Ìyá Fẹ́hìn, tó ń ta ògì nísàlẹ̀ ọjà. Ẹ sì mọ̀ pé ẹnikẹ́ni kì í sún mọ́ ìkòkò ògì wọn. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo fẹ́ fi ìka kan tọ́ omi orí ògì wò, wọ́n fi ọmọrogùn gbá mi lọ́wọ́ ọ̀tún tó bẹ́ẹ̀ tí ìyá wa fi bọ́ mi lóúnjẹ fún ọjọ́ mẹ́ta, torí n kò lè fi ọwọ́ òsì jẹun. Bí òjò bá ṣú títí di òní, eegun ìka náà a máa rántí.

Fẹ́hìntọlá nìkan ni ọmọ tí ẹ̀gbọ́n mi bí. Ó lọ kàwé ní yunifásítì tó wà ní Ọ̀jọ́ l'Ékòó, ó kọ́ nípa àwọn kòkòrò tí ojú kò lè rí. Ó parí ẹ̀kọ́, ó lọ́kọ síbẹ̀, ó jókòó síbẹ̀. Ó dára bẹ́ẹ̀. Àfi ìgbà tí ẹnìkan ti Èkó dé, tó dúró sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì wa, tó ní, "Ìyá Fẹ́hìn, ẹ kú oríire o, mo gbọ́ pé ọmọ yín ń pọn ọtí ní Ìbà." Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀gbọ́n mi kò ti gbé fóònù ọmọ wọn mọ́. Fóònù á máa dún, wọ́n á máa sẹ́ ògì.

Ni Fẹ́hìn bá pè mí. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá Sámú, oyún mi ti pé oṣù méje. Ta ni yóò bá mi wẹ ọmọ?"

Mo ti gbé ohùn fóònù náà sókè kí ìyá rẹ̀ lè gbọ́. Wọ́n gbọ́. Wọ́n fún aṣọ asẹ́ gbẹ títí ó fi fẹ́ ya, kí wọ́n tó wí fún mi pé:

"Sámú, lọ wò ó. Má sọ pé èmi ni mo rán ọ. Bó bá jẹ́ ilé tí wọ́n ti ń mutí jà, tí obìnrin ń jó lórí tábìlì, n kò ní tẹ ibẹ̀, n kò sì ní wẹ ọmọ tí wọ́n bí sídìí àgbá ọtí. Ohun tí ojú rẹ bá rí ni kí o wá wí."

Bí mo ṣe di amí nìyẹn. Mo parọ́ fún Fẹ́hìn pé ojú ń dùn mí, mo ń bọ̀ wá ṣe awò.

*Okokomáíkò*

Àwọn ará ilé ti kì mí nílọ̀ pé bí mo bá dé Okokomáíkò, kí n di ẹrù mi mú bí ẹni di ìyàwó tuntun mú. Mo dì í mú. Iṣu mẹ́ta àti ẹ̀gúsí ló wà nínú àpò náà, ṣùgbọ́n bí mo ṣe gbá a mọ́ra, ẹni tó bá rí mi yóò rò pé wúrà ni. Ìgbà tí apá ro mí ni mo gbé e kalẹ̀ díẹ̀ láti nu òógùn. Kí n tó gbójú sókè, ọkùnrin gíga kan ti gbé e léjìká, ó ń lọ!

Mo ké, "Olè!"

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ má ké bẹ́ẹ̀ l'Ékòó bí kò bá dá yín lójú. Gbogbo ẹsẹ̀ dúró. Mo rí ẹnìkan tó bẹ̀rẹ̀, tó ń wo ilẹ̀ bóyá òkúta wà níbẹ̀. Ọkùnrin náà ní tirẹ̀ kò sá. Ó gbé àpò mi kalẹ̀ ní òdìkejì gọ́tà, ó padà wá, ó na ọwọ́ sí mi.

"Bàbá, ẹ di ọwọ́ mi mú. Ẹ wo ìsàlẹ̀. Gọ́tà yìí ti gbé èèyàn mì rí."

Mo wo ìsàlẹ̀. Pákó kan ṣoṣo ló wà lórí rẹ̀, pákó náà sì ti jẹrà. Ìgbò ni ọkùnrin náà, ó ní òun ń ta tẹlifíṣọ̀n ní Alábà. Yorùbá tó sọ dán ju ti àwọn ọmọ wa kan lọ.

Obìnrin kan tó ń ta àgbàdo sísè àti àgbọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà kọjá lọ lọ́fẹ̀ẹ́. Ó ní, "Ẹni tó bá yín gbé ẹrù lẹ ń pè lólè. Èyí tó bá wá jí i ńkọ́, Bàbá, ṣé dádì lẹ máa pe ìyẹn?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ẹni tó ń wá òkúta náà rẹ́rìn-ín. Mo bẹ onítẹlifíṣọ̀n. Ó ní, "Kò sí wàhálà, ọ̀nà ló rẹ̀ yín." Mo fi ìtìjú ra àgbàdo lọ́wọ́ obìnrin náà, ó sì fọ́ àgbọn lé e láìjẹ́ pé mo bèèrè. Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́, ẹni tí kò bá tíì fi àgbọn jẹ àgbàdo, kó lọ dán an wò. Mo jẹ mẹ́ta lórí ìdúró.

Ohun tó mú mi mọ̀ pé àjèjì ni mí kì í ṣe ariwo ibẹ̀. Etí ni. Láàárín ìṣísẹ̀ ogún mo gbọ́ Ìgbò, mo gbọ́ Ègùn, mo gbọ́ gẹ̀ẹ́sì àbọ̀-sísè, nígbà tí mo sì wá gbọ́ Yorùbá tí inú mi dùn, ọmọbìnrin tí mo bi léèrè ọ̀nà ní, "Ẹ máa lọ straight, Daddy, tí ẹ bá dé junction kejì ẹ yà sí left." Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì lọ wá ẹlòmíràn bi.

*Ìbà*

Ìbà dákẹ́ ju bí mo ṣe rò lọ. Ilé tí ìjọba kọ́, tí wọ́n tò bí ìlà ìwé ọmọ iléèwé, aṣọ lórí okùn, ohùn orin ṣọ́ọ̀ṣì láti ojú fèrèsé kan. Fẹ́hìn ti dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ó fẹ́ kúnlẹ̀, ikùn rẹ̀ kò gbà fún un, ló bá fi ọwọ́ kan di ilẹ̀kùn mú, ó kúnlẹ̀ lójú mi díẹ̀díẹ̀ bí ràkúnmí. Mo ní kó dìde, ó ní àfi tí òun bá kúnlẹ̀ tán.

Ọkọ rẹ̀ ti lọ síbi iṣẹ́. Ará ilé kejì, obìnrin Ègùn kan tí kò gbọ́ Yorùbá púpọ̀, gbé ẹja yíyan wá kí mi. Ẹja náà gùn ju apá mi lọ, ó kún fún ata, ó ń kán òróró. Kò bá mi sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó kàn yí abọ́ náà títí orí ẹja fi kọjú sí mi, ó fi ìka tọ́ka sí orí ẹja, ó tún fi tọ́ka sí irun funfun orí mi. Mo mọ ohun tó ń wí. Àgbà ló ni orí. Ibi gbogbo ni wọ́n ti mọ ìyẹn.

Mo jẹun tán, mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí wọ́n rán mi. Nígbà tí Fẹ́hìn wọ ilé ìdáná, mo gbóòórùn kọ́tìnnì bí ajá ọdẹ. Mo wo abẹ́ àga. Mo ṣí kọ́bọ́ọ̀dù kan, Bíbélì ló wà níbẹ̀ àti aṣọ ọmọ tuntun tí wọ́n ti lọ̀, tí wọ́n ká jọ. N kò rí ìgò kan. Mo sì mọ̀ lọ́kàn mi pé ilé tí n kò ti rí ìgò rárá, a jẹ́ pé ibẹ̀ ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n pa mọ́ jù.

*Àlájì fún mi ní ife*

Ní ọjọ́ kejì ni Fẹ́hìn mú mi lọ síbi tó ti ń pọn ọtí. Ilé ilẹ̀ kan ni, lẹ́yìn ilé onílé, iwájú rẹ̀ ni yàrá tí àwọn oníbàárà ń jókòó sí, ẹ̀yìn ni iṣẹ́. Mo ti ń retí òkùnkùn. Ilẹ̀ rẹ̀ funfun. Ó ní kí n bọ́ bàtà, ó fún mi ní bàtà rọ́bà. Ó ní kí n dé fìlà alásè. Ó ní kí n fọ ọwọ́, mo fọ̀ ọ́, ó ní kí n tún un fọ̀, mo tún un fọ̀, ó wo èékánná mi, ó ní ẹ̀ẹ̀kan sí i. Ó wá ní kí n bọ́ òrùka ìgbàdúrà mi. Mo ní nínú ara mi pé Sámú, ó ti tán, wọ́n ti gba ohun ìjà lọ́wọ́ rẹ.

Táǹkì irin ńlá méjì ló wà níbẹ̀, àti àwọn àgbá onídèérí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ọkà bàbà tó ti rẹ, tó ti hù, tó ti sá, tó ti lọ̀, ni Fẹ́hìn ń rò nínú omi gbígbóná pẹ̀lú ọmọrogùn tó gùn ju òun fúnra rẹ̀ lọ. Òórùn ibẹ̀ dà bí àgbàdo yíyan àti ẹ̀kọ tó ń hó.

Lórí bẹ́ǹṣì kan lẹ́nu ọ̀nà ni mo ti rí ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dá mi padà sílé. Onílé wọn ni, Àlájì, ọmọ bíbí Ọ̀jọ́, àgbàlagbà tó dé fìlà funfun. Tẹ̀sùbáà wà lọ́wọ́ òsì rẹ̀. Ife wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ó sì ń mu ún!

Ó ní, "Àlejò, ẹ gbà, ẹ bá mi mu. Ó ṣì gbóná."

Mo ní, "Àlájì, ẹ̀yin náà ń mu ún?"

"Gbogbo ọjọ́ tó bá ń pọn ọtí ni mo ń mu ún. Òwúrọ̀ nìkan ṣá o. Tó bá ti di ìrọ̀lẹ́, n kò ní fẹnu kàn án."

Mo rò ó pé bóyá ohun tó burú ni láti mutí nírọ̀lẹ́ nínú ẹ̀sìn tiwọn. Kí ni kí n ṣe? Àgbà na ife sí mi, mo jẹ́ àlejò. Mo di ojú, mo bẹ Ọlọ́run, mo gbé e mì lẹ́ẹ̀kan náà. Ó dùn. Ó dùn bí oyin. Mo ní, áà, bí ọtí ṣe ń tan ènìyàn jẹ nìyí! Kí n tó gbé ife kalẹ̀, etí mi ti ń hó. Orúnkún mi rọ. Ilé yí ká, Àlájì di méjì, tẹ̀sùbáà di mẹ́rin. Ìgbà yẹn ni mo lọ di ògiri mú, tí omijé bọ́.

Mo ní, "Fẹ́hìn, dárí jì mí! Ojú kò dùn mí! Awò kankan kò sí! Ìyá rẹ ló rán mi, amí ni mí!"

Ni Àlájì bá bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí fìlà fi ṣí lórí rẹ̀.

"Fẹ́hìn, bàbá yìí ti yó o! Omi ọkà! Ẹ gbà mí o, omi ọkà ló mu yó!"

Fẹ́hìn ní, "Bọ̀ọ̀dá Sámú, kò tíì di ọtí. Omi tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sẹ́ kúrò lára èérí ni. Ó di ìrọ̀lẹ́ kí n tó da ìwúkàrà sí i, ọjọ́ mélòó kan sí i kó tó lè pa ẹnikẹ́ni. Ìdí tí Àlájì fi ń mu ún láàárọ̀ nìyẹn."

Ẹ wo orúnkún mi, ó gbọ́ àlàyé náà ju mí lọ. Ó le gírí lójú ẹsẹ̀. Ilé dúró. Àlájì padà di ọ̀kan. Èmi nìkan ló kù, tí mo gbá ògiri mọ́ra pẹ̀lú omijé lójú.

Fẹ́hìn kò bá a rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Màmá ló rán yín?"

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, bí wọ́n ṣe wí i, títí dórí àgbá ọtí. Omi dé ojú rẹ̀. Kò fi ọwọ́ nù ún, apá ló fi nù ún, lókè ìgúnpá, bẹ́ẹ̀ náà ló sì tún lọ síbi omi, ó tún ọwọ́ rẹ̀ fọ̀.

Ó ní, "Ẹ má bá mi bẹ̀ wọ́n o. Ẹ má fi kún un, ẹ má yọ níbẹ̀. Ohun tí ẹ bá rí ni kí ẹ sọ."

*Ìka kan ṣoṣo*

Lẹ́yìn ọjọ́ náà ara tù mí. Ẹni tí àṣírí rẹ̀ ti tú, kí ló tún kù tí yóò bẹ̀rù? Mo di ọ̀gá níbẹ̀. Mo ń bá àwọn àlejò ṣàlàyé bí ọkà ṣe ń hù, mo ń pàṣẹ pé kí ẹni tó bá ń wọlé lọ fọ ọwọ́. Ọ̀gá tí kò mọ nǹkan kan.

Ní ọjọ́ kẹrin, Fẹ́hìn ṣí ìdérí àgbá kan kó lè da èèpo ọsàn gbígbẹ sí i. Mo yọjú wò ó. Ìfófòó funfun ti bo orí rẹ̀, ó ń mí díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó sùn. Ẹ̀yin ará ilé, n kò mọ ohun tó bá mi. Mo na ìka kan. Ìka kan péré, kí n tọ́ ọ wò.

Pàá!

Ọmọrogùn gígùn yẹn ló ti gbá mi lọ́wọ́. Ó pariwo, "Ẹ yọwọ́ níbẹ̀!" Ohùn náà, Àlájì gbọ́ ọ nílé rẹ̀.

Mo wo ọwọ́ mi. Mo wo ọmọ tí mo fi ọwọ́ mi rán aṣọ ìsàmì rẹ̀. Òun náà wo ọmọrogùn bí ẹni pé ẹlòmíràn ló fi lé e lọ́wọ́. Ó dé ìdérí àgbá kíákíá ná, ẹ wò ó, ó dé ìdérí kó tó bẹ̀ mí! Lẹ́yìn náà ló kúnlẹ̀.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ má bínú. Ẹ jọ̀ọ́. N kò mọ̀gbà tí mo ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi má ṣe dán an wò mọ́, torí n kò mọ ohun tí ọwọ́ mi tún máa ṣe."

Irú ẹ̀bẹ̀ wo nìyẹn? Mo ní mo ti gbọ́. Inú mi kò gbọ́. Mo ní nínú ara mi pé ó dára, wọ́n ní kí n sọ ohun tí mo bá rí. Mo ti rí i.

*Àwọn tó wá tọ́ ọ wò*

Sátidé, lẹ́yìn ìrun Àsárì, ni wọ́n ṣí yàrá iwájú. Mo jókòó sí igun kan, mo ń retí ìjà àti obìnrin orí tábìlì.

Àwọn tó wá kò ju mẹ́wàá lọ. Ọ̀gá ọmọ ogun ojú omi kan wà níbẹ̀, tó ti fẹ̀yìn tì, tó wá láti Navy Town pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀. Olùkọ́ kan wà níbẹ̀, àti àwọn oníṣòwò Alábà mélòó kan. Gíláàsì kékeré ni wọ́n fi ń bu ọtí fún wọn láti ẹnu ẹ̀rọ tó wà lára ògiri. Ọtí dé ọwọ́ wọn, ẹnikẹ́ni kò mu ún. Wọ́n gbé e sókè wo ìmọ́lẹ̀. Wọ́n fi imú sí i. Wọ́n dúró kí Fẹ́hìn sọ ohun tó wà nínú rẹ̀, wọ́n tẹ́tí bí ẹni tó ń gbọ́ ẹ̀kọ́ ọjọ́ Ìsinmi. Orin kò sí. Ìjà kan ṣoṣo tó ṣẹlẹ̀ ni ti ọ̀gá ojú omi àti olùkọ́: ọ̀kan ní ewúro ló mú un korò, èkejì ní èèpo ọsàn ni. Wọ́n jà á dé ibi tí olùkọ́ fi dìde dúró, ó tún jókòó.

Ọ̀gá ojú omi ní, "Fẹ́hìn, ìwọ fúnra rẹ, báwo lo ṣe rí i?"

Ó fi ọwọ́ kan ikùn. "Ọ̀gá, n kò tíì fẹnu kan ọ̀kankan láti ìgbà tí mo ti lóyún. Ẹ̀yin ni ahọ́n mi báyìí. Ẹ má tàn mí."

Gbogbo wọn tún un tọ́ wò. Ọ̀gá ojú omi ní, "Ó korò jù lọ́tẹ̀ yìí." Ìyàwó rẹ̀ ní bẹ́ẹ̀ ni. Fẹ́hìn kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀, ojú rẹ̀ kò bàjẹ́.

Mo fi ahọ́n kan tèmi náà. Ahọ́n lásán, ẹ má sọ fún wòlíì. Ó dà bí ewúro tí wọ́n gbàgbé láti fọ̀. Mo ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé Alàgbà Sámú náà fọwọ́ sí i pé ó korò.

Nígbà tí wọ́n pe ìrun Màgàríbì, gíláàsì ti wà nínú omi ọṣẹ, yàrá ti ṣófo. Àlájì ló pa á láṣẹ bẹ́ẹ̀. Ó ní òun gbà kí wọ́n pọn ọtí lẹ́yìn ilé òun, ṣùgbọ́n ìmáàmù kò gbọdọ̀ bá ọ̀mùtí pàdé lójú ọ̀nà.

*Ìdájọ́*

Mo dé ilé, mo bá ẹ̀gbọ́n mi nídìí aṣọ asẹ́, bí ẹni pé wọn kò dìde níbẹ̀ láti ọjọ́ tí mo ti lọ. Wọn kò ní kí n jókòó. Mo jókòó.

Mo to gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Mo ní kò sí obìnrin orí tábìlì. Mo ní kò sí ìjà, àfi ti ewúro. Mo ní Bíbélì wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù, mo ní Àlájì ni onílé, mo ní wọ́n ń ti ilẹ̀kùn kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ̀gbọ́n mi ń da omi sórí ògì, wọ́n ń sẹ́ ẹ, wọ́n ń dáhùn pé, "Ẹn-ẹ́n." Mo rí i pé ọ̀rọ̀ mi ń kọjá lára wọn ni, bí omi ṣe ń kọjá lára èérí.

"Ọtí ṣá ni, Sámú."

"Ọtí ni, Ẹ̀gbọ́n."

"Ó ti tán nìyẹn."

Inú bí mi. N kò mọ ẹni tí mo ń bínú sí, yálà àwọn tàbí ọmọ wọn, ni èyí tí mo ti ń gbé bọ̀ láti Ìbà bá jáde lẹ́nu mi. Mo ní, "Ẹ tilẹ̀ jẹ́ kí n sọ èyí tó kù. Fẹ́hìn gbá mi."

Ọwọ́ wọn dúró lórí asẹ́.

"Ó gbá ọ?"

"Ó gbá mi lọ́wọ́! Èmi àbúrò ìyá rẹ̀!"

"Kí ló fi gbá ọ?"

"Ọmọrogùn tó fi ń ro ọkà."

"Kí lo ṣe?"

"Ìka kan ṣoṣo ni mo fẹ́ fi tọ́ ọ wò nínú àgbá."

"Ṣé ìka náà kàn án?"

"Kò tíì kàn án kí igi tó bà mí."

Wọ́n wo ọwọ́ mi. Ọ̀tún ni. Mo fẹ́ gbé e pa mọ́, ó ti pẹ́ jù. Ìgbà yẹn ni èmi òpè tó wá rí ohun tí mo ṣe. Omi ògì ń kán sínú ìkòkò, tó, tó, tó. Ẹ̀gbọ́n mi dìde, wọ́n fi ìdérí bo ìkòkò, wọ́n bu omi, wọ́n fọ ọwọ́ wọn dé ìgúnpá. Ẹ̀ẹ̀mẹta. Wọ́n wo èékánná wọn.

Wọ́n ní, "Ọmọ mi ni. Sámú, lọ bá mi ra kànìnkànìn tuntun, èyí tó rọ̀. Ti ọmọ tuntun ni."